Ìwúkàrà Tí Mo Fi Tọrẹ ní Ìkòròdú

Mo rò pé mo gbọ́ èdè ibi tí mò ń lọ, ohun tó tàn mí nìyẹn. Ní abúlé wa lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n Yorùbá la fi ń lé ewúrẹ́, òun náà la sì fi ń gbàdúrà. Mo ní bí mo bá dé Nàìjíríà, màá kàn la ẹnu mi ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Ìkòròdú, mo lọ ra ọṣẹ ní ibùdókọ̀ Bẹ́ńsìn, gbólóhùn kan péré ni mo sọ, obìnrin tó ń ta ọṣẹ gbójú sókè, ó pe ẹnìkejì rẹ̀: "Wá gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, wọ́n tiẹ̀ fún mi ní ènì, ṣùgbọ́n mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi dé ilé. Ká ní òyìnbó ló pè mí ní àjèjì, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ilé Àǹtí Bísí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ẹ́sítéètì kan lójú ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀. Àǹtí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ṣe nọ́ọ̀sì ní Jámánì fún ogún ọdún kó tó padà wálé. Báyìí iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, ojú rẹ̀ á sì ti le. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń tú ojú rẹ̀ ká ni bíà àlìkámà tí wọ́n ń mu níbi tó gbé lọ́hùn-ún, èyí tó rú bí omi ògì, tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rà níbí, ló bá ń pọn ọ́n fúnra rẹ̀ ní Sátidé. Ó ní ìkòkò irin mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, àti ìwé kan tó fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbá àti aṣọ fífọ̀ ni mo wá ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní Kétu, ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn tà, ìdí ìkòkò ni wọ́n bí mi sí. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí Àǹtí da omi lé àlìkámà lórí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ti rì í pa. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́." Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo da ọkà tuntun lé e, mo fi àpò tútù bò ó. Ní ọjọ́ kẹta ó hù, gbogbo rẹ̀ yọ ìrù funfun. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n wá dúró sídìí ìkòkò. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo fi ọmọ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú kí n tó já a lẹ́nu ọmú, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ni nígbà tí mo kúrò nílé. Fóònù ìyá mi kì í ṣe èyí tó ń gbé àwòrán, onítọ́ọ̀ṣì ni. Bí mo bá pè, ìyá mi á gbé e sí i létí, á ní, "Kí ìyá rẹ." Ọmọ náà ò ní sọ nǹkan. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Màá béèrè ohun tó jẹ, màá béèrè bí ilé ìwé ṣe rí, ìyá mi á máa dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, èmi á sì máa tẹ́tí sí èémí. Ọdún kẹrin nìyẹn tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Àǹtí kan wà ní Ẹ̀pẹ́, Túnráyọ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbé ní Jámánì ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé oúnjẹ kan sí etí ọ̀sà, ó sì ní òun fẹ́ bíà tí ẹnikẹ́ni ò ní níbòmíràn. Ó dá ọjọ́: ẹ gbé e wá kí n tọ́ ọ wò lóṣù tó ń bọ̀. Àǹtí pè mí síwájú nílé ìdáná. "Màmá Àbẹ̀ní, gbọ́ mi dáadáa. Bí Túnráyọ̀ bá gba ọtí yìí, ìwọ ni wàá máa pọn ọ́n, yàrá ẹ̀yìn di tìẹ, kí o lọ mú ọmọ rẹ wá kí ilé ìwé tó wọlé. Bí kò bá gbà á, ó ti tán nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí. Màá fi yàrá yẹn háyà, màá sì wá ẹni tó máa wá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ iye oògùn téèyàn máa lò.

Ìwúkàrà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ohun kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà, ti Jámánì nìkan ló sì ń mú òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù yẹn wá. Pákẹ́ẹ̀tì kan ni ẹnì kan mú wá fún Àǹtí láti ọ̀hún. Lẹ́yìn tá a lò ó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá sùn sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì la máa ń dá sínú ìgò nínú fíríìjì, torí inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìwúkàrà ń gbé. Òun la ó tún fi pọn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ibi tí Jámánì wà.

Mo wá ṣe ohun tí ará ilé wa nìkan lè ṣe. Ní etí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, níbi tí mo ti ń ra ẹja, ìyá àgbà kan wà tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fáwọn apẹja, Ìyá Ìdòwú. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó sọ fún mi, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ní Kétu, obìnrin tó ń pọntí kì í fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ du ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí tìẹ bá kú, wàá gbé igbá lọ sílé kejì, wọn á bu fún ọ, o ò sì gbọdọ̀ dúpẹ́. Ọjọ́ tí ọtí rẹ bá hó, wàá bu padà fún wọn, ìyẹn ni ọpẹ́. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bu ìlàjì gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú fíríìjì fún un.

Àṣé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ wọ́n ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ Sunday, Ìyá Ìdòwú kan ìlẹ̀kùn wa, ó gbé ẹja tútù mẹ́ta dání. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ṣí i. "Ẹ kú ọmọ o, Màdáámù. Ọmọ yín yìí dáa, ó fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí òyìnbó." Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó gba ẹja, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó ti ìlẹ̀kùn. Ìgbà tó yíjú sí mi, ẹ̀rín náà ti lọ.

"O mú ọwọ́ bọ ìgò yẹn?"

"Ṣíbí ni mo fi bù ú, Àǹtí. Mo sè ṣíbí náà."

"O mú ohun tí wọ́n bá mi gbé wá láti Jámánì, o ń pín in fún aládùúgbò bí ẹni ń pín sàárà?"

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó lọ síbi fíríìjì, ó gbé ìgò náà, ó da ìyókù dànù sínú síǹkì, ó sì gbé ìgò náà kaná nínú omi. Gbogbo bó ṣe ń ṣe é ni mò ń wo omi funfun yẹn tó ń wọ ihò lọ. Ó ní, "Pákẹ́ẹ̀tì mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Tuntun ni, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i." Ìtìjú ló bá mi ju ìbẹ̀rù lọ. Mo rò pé mo ti di ẹnì kan nínú ilé yẹn, àṣé ìgò tí mo bá ti fọwọ́ kàn di ohun tí wọ́n ń sè.

Pákẹ́ẹ̀tì tuntun dé lóòótọ́. Ẹni tó mú un wá sọ pé ó ti wà nínú mọ́tò òun láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mọ bí inú mọ́tò ṣe ń rí nínú oòrùn Èkó. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ sínú omi ṣúgà ká wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè." Ó ní, "Ti Jámánì la fẹ́ dán wò?" Ìbínú tàná ṣì wà lára rẹ̀. A pọntí ní Sátidé, ọtí tá a máa gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó da pákẹ́ẹ̀tì náà sí i, mo fi àpò tútù yí kẹ́ẹ̀gì ká kí ooru má bàa mú un, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí ìdérí sínú ìgò omi. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ̀: bí ìwúkàrà bá ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà náà jáde, omi inú ìgò á máa hó.

Sunday kọjá, omi ò mira. Àǹtí ní ó máa ń pẹ́ nígbà míì. Àárọ̀ Monday ó lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé etí lé kẹ́ẹ̀gì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣí i, mo tọ́ ọ wò: ó dùn bí oyin, kò tíì kan, ṣùgbọ́n nínú ooru yìí kò ní pẹ́ kan. Mo pe Àǹtí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Mo tún pè é nígbà mẹ́fà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì, mo ń ronú pé ibi tí mo jókòó sí yẹn, ọmọ mi ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ níwájú mi.

Mo kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé búrẹ́dì kan nítòsí Bẹ́ńsìn, ọ̀gá ibẹ̀ bu yíìsì búrẹ́dì fún mi. "Eléyìí? Kíá ló ń wú, Àgànyìn, má mikàn." Mo mọ̀ pé ó máa wú. Ṣé ó máa rùn bí kànáfùrù ni ìbéèrè mi, ìyẹn kò sì kàn án. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ó di Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ìyá Ìdòwú ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti lò ó tán?"

"Mo lò nínú rẹ̀. Ó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn apẹja ní kí ni mo fi sọ́tí wọn. Mo bá wá ti ẹlòmíì lọ." Ó fi orí júwe kànga. "Ìyókù wà nínú ìgò, mo so ó mọ́ okùn. Mo ní ohun àlejò ni, mi ò gbọdọ̀ dà á nù." Ó fa okùn náà sókè fúnra rẹ̀. Ìgò náà tutù lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀ mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì dáa. Mo bu omi ọkà inú kẹ́ẹ̀gì wa sínú ìgò méjì, mo fi yíìsì búrẹ́dì sí ọ̀kan, mo fi ti inú kànga sí èkejì, mo jókòó tì wọ́n. Ti búrẹ́dì kò tó wákàtí kan tó fi ń yọ ìfófòó, òórùn àkàrà òyìnbó sì gba inú ilé. Èkejì kò ṣe nǹkan kan. Wákàtí kejì, kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti wà lórí ti búrẹ́dì, mo ní kí n ṣáà gba èyí tó ń hó, kó má di pé kò sí rárá. Ìyá mi ló kọ́ mi pé kéèyàn má fi ìkánjú yan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, ìfófòó tín-ín-rín kan yọ létí ìgò kejì. Mo gbé e símú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kànáfùrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo da ọtí inú kẹ́ẹ̀gì padà sínú ìkòkò, mo sè é lákọ̀tun kí ohunkóhun tó bá ti fẹ́ kan nínú rẹ̀ lè kú, mo gbé e sínú omi yìnyín títí ó fi tutù, mo wá da ti inú kànga sí i. Pákẹ́ẹ̀tì Jámánì, bí ohunkóhun bá tiẹ̀ kù láàyè nínú rẹ̀, èmi ni mo fi iná pa á. Nígbà tí Àǹtí dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ti nu ilẹ̀ gbẹ. Kó tó jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ni omi inú ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo gbọ́ tó pàtẹ́wọ́ ní ilé ìdáná. "Màmá Àbẹ̀ní! Mi ò sọ fún ọ? Jámánì ò kí ń kùnà!" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Ọjọ́ tí mo fi gbé irọ́ yẹn pọ̀. Mo pe ìyá mi, mo ṣàlàyé fún un. Kò bi mí nípa Àǹtí rárá. Ó ní, "Ó ti hó, àbí? Ṣé o ti dá ti ìyá yẹn padà?" Mo ní rárá, mo ní bí mo bá tún fọwọ́ kan ìgò yẹn, wọ́n máa lé mi. "O ti pẹ́ níbẹ̀ o," ló sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín àwọn ará Bẹ́ńsìn lọ. Ní Ìkòròdú, Àgànyìn ni mí. Ní Kétu, mo ti di ẹni tó jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ onígẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò wá mọ ibi tí mo ti jẹ́ èèyàn gidi.

Ọjọ́ pé, a gbé ìgò mẹ́fà sínú mọ́tò Àǹtí, ó di Ẹ̀pẹ́. Túnráyọ̀ ga, ó síngbọnlẹ̀, kì í yí ọ̀rọ̀ po. Tábìlì kan tó kọjú sí ọ̀sà la jókòó sí, òórùn ẹja láti ọjà ń fẹ́ wá. Ó da ọtí sínú gíláàsì, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu. Mo ka ìgbà tó gbé e mì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Bísí," ló sọ, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kànáfùrù yìí! O rántí ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin yẹn? Mo gbà á. Ẹ máa gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì." Ó tún mu. "Ṣùgbọ́n bákan náà ni kó máa rí o. Yíìsì wo lẹ lò?"

"Ti inú pákẹ́ẹ̀tì ni," Àǹtí dáhùn. "Mo ti ní kí wọ́n bá mi ra mẹ́wàá sí i."

Mo ti gba ohun tí mò ń wá. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, ọmọ mi dé. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olóòótọ́ jù, ẹ̀rù ló bà mí: bí pákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá yẹn bá tún kú sínú mọ́tò ẹlòmíì, kí ni n ó ṣe, nígbà tí Àbẹ̀ní bá ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn? Ṣé kí n máa sá lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì kí n sì máa purọ́?

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ti inú pákẹ́ẹ̀tì kọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, kànga, ìgò méjì, iná. Mi ò gbójú sókè títí mo fi parí.

Túnráyọ̀ gbé gíláàsì kalẹ̀. "Bísí, o ò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ara rẹ?" Ó ti ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó dáa. Mo dá ọ̀rọ̀ mi dúró. Ẹ lọ tún un pọn, ẹ̀yin méjèèjì, lójú ara yín. Bó bá rí báyìí, ẹ gbé e wá. Bí kò bá rí báyìí, ẹ má wulẹ̀ wá."

Nígbà tá à ń padà bọ̀, a kọjá Ìtòìkín kí Àǹtí tó la ẹnu. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti da ti àkọ́kọ́ nù, Àǹtí."

Ó wa mọ́tò lọ díẹ̀. "Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Jámánì," ló sọ, kò wo ọ̀dọ̀ mi, "obìnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù. Gbogbo abọ́ tí mo bá fọ̀ ló máa ń tún fọ̀. Kò bú mi rí. Á kàn tún un fọ̀ ni, níṣojú mi." Omi wà lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́. "Níbo ni ilé ìyá yẹn wà?"

Ọjọ́ kejì, èmi àti Àǹtí gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Àǹtí fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ kí Ìyá Ìdòwú. A pọn ọtí náà lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo yan ìgò, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń bi mí ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Àǹtí gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, èmi ò lè lọ, ara mi ò gbà á. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn títí fóònù fi dún. Àǹtí ní, "Lọ gbá yàrá rẹ."

Ìbátan wa kan ló mú Àbẹ̀ní wá. Mo ti wà ní Bẹ́ńsìn kí wọ́n tó dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò ilé ìwé lẹ́yìn, ó ti ga, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Mo na ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà tí wọn ò mọ̀ rí, ó sì dúró síbi tó wà. Ìbátan wa tì í díẹ̀: "Ìyá rẹ nìyẹn, sún mọ́ ọn." Kò sún mọ́ mi.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù Ìyá?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin. "Ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Àwọn èèyàn ń kọjá, àwọn awakọ̀ ń pariwo. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Mo pè é. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ tún pè é," ló wí.